Èsì ní etí kò mọ́: ṣé kí yèyé mi tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Yèyé mi ń ta iṣu lọ́jà níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Wọ́n yọ kókó kan tó tó ẹyin àdàbà nínú ọmú òsì, wọ́n ní àwọn ò ní gé ọmú náà kúrò. A dúpẹ́, orin la fi gbé wọn wálé. Lẹ́yìn ọjọ́ 16 ni èsì dé láti lábù. Jẹjẹrẹ ni, a ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tó dà wá láàmú ni ohun tí dókítà túmọ̀ fún wa nínú ìwé náà, pé etí ẹran tí wọ́n gé kò mọ́ ní ìhà ìsàlẹ̀, pé yèyé ní láti padà wá kí wọ́n tún gé díẹ̀ kún un. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá.

Àbúrò bàbá mi ní ẹni tó gé e kò mọ iṣẹ́, pé ká ní ó mọ̀ ọ́n ni, ì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rán ojú ọgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n yèyé ní tiwọn ní ọ̀bẹ tó ti kàn án ló máa tú u ká sí gbogbo ara, kí a yáa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ alágbo. Yèyé fúnra wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣé dókítà ṣe àṣìṣe ni? Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ etí yẹn wò nígbà tí yèyé ṣì wà lórí tábìlì? Ṣé kí a jẹ́ kí wọ́n padà?

Ọmọ oníṣu, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, nítorí Ọjọ́bọ̀ kò jìnnà mọ́, ẹ sì ní láti bá àwọn ẹbí jókòó sọ̀rọ̀ kó tó pé.

Èmi kọ́ ni mo máa ń di ọ̀bẹ mú ní tíátà. Patọ́lọ́jì ni iṣẹ́ mi. Ẹran tí dókítà oníṣẹ́ abẹ bá gé lára aláìsàn ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní Adó-Èkìtì níbí, èmi ni mo ń fi maikirosíkóòpù wò ó tí mo ń kọ èsì. Gbólóhùn tó ba oorun yín jẹ́ yẹn, irú mi ló ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti kọ ọ́ tán tí mo gbé bírò sílẹ̀, tí mo ń ro ẹni tó máa gbọ́ ọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe èyí tí mo lè fi ìlà méjì dáhùn.

Ẹ ní yèyé ń ta iṣu. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé, torí ó máa tètè yé wọn ju ìwé tí a kọ ránṣẹ́ sí wọn lọ. Bí iṣu bá ti rà níbì kan, wọn kì í fi ọ̀bẹ tọ ẹ̀bá ibi dúdú náà gẹ́lẹ́. Wọ́n á wọnú ibi tó funfun díẹ̀ kí wọ́n tó gé e, wọ́n á sì yí èyí tí wọ́n gé náà padà wò. Bí funfun bá yí dúdú ká, ọkàn wọn á balẹ̀ láti gbé iṣu tó kù fún oníbàárà. Bí dúdú bá hàn lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, wọ́n mọ̀ pé díẹ̀ lè ṣì wà lára iṣu náà, wọ́n á tún bù ú. Funfun tó yí ká yẹn ni à ń pè ní etí. Ohun tí dókítà yín ṣe nìyẹn: ó yọ kókó, ó gé ẹran tó dára mọ́ ọn yí ká, kí ọmú yèyé lè kù. Èsì tó dé ń sọ pé ní ìhà kan ṣoṣo, ìhà ìsàlẹ̀, jẹjẹrẹ dé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà.

Ibi tí iṣu àti ọmú ti yàtọ̀ ni pé iṣu tó rà máa ń fi àwọ̀ tú ara rẹ̀ fó. Jẹjẹrẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín kókó máa ń le, ọwọ́ á bà á. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè gba àárín ọ̀rá lọ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyọ kan tẹ̀lé ẹyọ kan, kí ojú má rí i, kí ọwọ́ má sì mọ̀ ọ́n. Òmíràn ń rìn nínú ọ̀nà tí wàrà ń gbà, bí gbòǹgbò koríko ẹ̀kan ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀: ẹ ro ibi kan mọ́ tónítóní, ó tún yọ orí lẹ́yìn ibi tí ẹ ro dé. Kò sí dókítà kankan, ìbáà jẹ́ ní Èkìtì, ìbáà jẹ́ ní London, tí ojú rẹ̀ lásán lè rí sẹ́ẹ̀lì tí kò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ohun èlò ti pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí obìnrin tó ju 55,000 lọ tí wọ́n yọ kókó fún tí wọ́n sì fi ọmú sílẹ̀. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló padà wá fún iṣẹ́ abẹ mìíràn láàárín oṣù mẹ́ta. Wọn kò lè jẹ́ aláìmọ̀ṣẹ́ gbogbo wọn.

Àbúrò bàbá yín máa fẹ́ mọ ohun tí a ń fi odidi ọjọ́ 16 ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé ẹran náà láti tíátà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ẹ̀sùn rẹ̀ wà.

Bí dókítà bá ti yọ ẹran náà, ó ní láti so àmì mọ́ ọn kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹran tó ti kúrò lára èèyàn kò ní òkè, kò sì ní ìsàlẹ̀ mọ́. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé òwú kúkúrú dúró fún òkè, òwú gígùn dúró fún ìhà abíyá. Bí òwú yẹn kò bá sí, mo lè rí jẹjẹrẹ ní etí kí n má mọ etí wo ni. Dókítà á wá padà lọ gé gbogbo ibẹ̀ yí ká, ibi tó mọ́ àti ibi tí kò mọ́, ọmú tí wọ́n ń dáàbò bò á sì tán lọ. Pé èsì yín lè sọ ní pàtó pé ìhà ìsàlẹ̀ ni, ó fi hàn pé ẹni tó ṣiṣẹ́ fún yèyé so òwú rẹ̀, ó sì so ó bó ṣe yẹ. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àbúrò bàbá yín. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í rántí òwú.

Lẹ́yìn òwú, ó kan fọ́málíìnì. Omi òògùn tó máa ń ta ojú àti imú yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹran rà. Ó yẹ kí ẹran wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí kan tó kúrò lára, kí fọ́málíìnì náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, nínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ẹbí aláìsàn ló sábà máa ń gbé ẹran yẹn lọ sí lábù fúnra wọn. Mo ti gba ẹran tí wọ́n gbé wá nínú omi lásán. Mo ti gba èyí tó wà nínú sipíríìtì, àti èyí tí wọ́n di sínú ọ̀rá, tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nílé kí owó àyẹ̀wò tó pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ti ìyá rẹ̀ wá nínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wọlé nígbà tó ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n fọ́málíìnì ti mú un le, kò lè jáde mọ́, a ní láti fọ́ ìgò. Bí wọ́n ṣe fún un mọ́ ibẹ̀ ti ba etí rẹ̀ jẹ́, n kò lè sọ fún un bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́. Ọmọ náà ń bẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ àwa ló yẹ ká bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ike kọ́sítádì ńlá tó ní ìdérí, tí wọ́n fọ̀ mọ́, sàn ju ìgò olówó iyebíye lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ẹran yèyé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá fọ́málíìnì ló wà nínú ike náà. Ẹ rí i pé orúkọ yèyé, ọjọ́ àti ìhà ọmú wà lára ike fúnra rẹ̀. Kó má jẹ́ orí ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀. Kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí owó kò bá tíì pé. Ẹ bẹ lábù kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì wá owó lẹ́yìn.

Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń fi íǹkì kun gbogbo ojú rẹ̀, àwọ̀ kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan: òkè, ìsàlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ìhà abíyá, ìhà àárín àyà. Íǹkì yẹn kì í ṣí mọ́. Mo wá gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì, mo yan àwọn ibi tó yẹ, wọ́n fa omi inú wọn jáde, wọ́n fi ìda rọ́pò rẹ̀, ó di búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ ló ń gé búlọ́ọ̀kù náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ bá to 250 rẹ̀ léra wọn, mìlímítà kan péré ni. A tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a fi aró méjì rẹ ẹ́, ọ̀kan jọ ẹ̀lú, èkejì jọ osùn tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì tó máa ń fara hàn. Fọ́málíìnì nìkan ń gba wákàtí 6 ó kéré tán, ẹran tó nípọn tó sì lọ́ràá ń gbà ju ìyẹn lọ, kò sì sí bí a ṣe lè kán an lójú. Ní ti ìyókù nínú ọjọ́ 16, n kò ní gbè é. Ó pẹ́. Nígbà mìíràn iná ò sí, nígbà mìíràn aró ló tán, àwa tí à ń wo gíláàsì náà ò sì pọ̀.

Lójú maikirosíkóòpù, íǹkì máa ń hàn bí ìlà aláwọ̀ ní etí ẹran. Ìbéèrè kan ni mo ń bi í: ṣé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan fara kan ìlà yìí? Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àti ẹgbẹ́ àwọn onítànṣán, àwọn dókítà tó ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ, ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 33 jọ, lórí obìnrin tó ju 28,000 lọ. Wọ́n fẹnu kò pé bí jẹjẹrẹ tó ti wọnú ẹran kò bá ti kan íǹkì, etí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n fọ́nrán irun ló wà láàárín wọn. Kí wọ́n gé e fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní kí ó má padà wá. Ṣùgbọ́n bó bá kan íǹkì, ewu pé ó máa tún yọ nínú ọmú kan náà di ìlọ́po méjì, ó kéré tán. Fún irú èyí tó ṣì wà nínú ọ̀nà wàrà, tí kò tíì já sínú ẹran, mìlímítà 2 ni wọ́n fẹnu kò sí ní 2016. Ìrìn koríko ẹ̀kan tí mo sọ lókè ló fà á.

Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà tún ìwé yẹn kà fún yín. Etí tó súnmọ́ yàtọ̀ sí etí tí kò mọ́. Mo ti rí ẹbí tó ṣọ̀fọ̀ lórí gbólóhùn àkọ́kọ́ nígbà tí kò sí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ lé lórí.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì, èyí tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù: ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí yèyé ṣì ń sùn lórí tábìlì?

Ó wà. Èyí tó rọrùn jù ni kí patọ́lọ́jì wà nítòsí tíátà, kí wọ́n gbé ẹran náà fún un, kó kun ún, kó là á, kó fi ojú àti ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Bí kókó bá súnmọ́ ìhà kan jù, á ké sí dókítà pé kó bù díẹ̀ sí i níbẹ̀. Wọ́n tún lè gbé ẹran náà sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray, èyí tó dára gan-an fún irú jẹjẹrẹ tó ní ẹ̀fun kéékèèké nínú tí ọwọ́ kì í bà. Àwọn mìíràn máa ń fi skáànù tọ́ ọ̀bẹ sọ́nà bí wọ́n ṣe ń gé e lọ. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí kì í náni lówó púpọ̀: a máa ń fi etí ẹran tútù náà tẹ gíláàsì, bí ẹni tẹ̀ka sórí ìwé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá wà lójú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọ̀rá kì í sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀. A fi aró rẹ ẹ́, a wò ó. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú nìkan ló ń jẹ́rìí. Bí jẹjẹrẹ bá sápamọ́ ní mìlímítà kan sí ojú, kò lè sọ ọ́.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni frozen section. A máa ń mú kí ẹran dì gbagidi nínú ẹ̀rọ òtútù, a gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìlo ìda, èsì á dé tíátà láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi fún àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmú lọ́ràá, ọ̀rá kì í sì í dì ní ìwọ̀n òtútù tí ẹran tó kù fi ń dì. Bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi abẹ gé ẹ̀kọ tí kò tíì dì ni: á fà, á ya, ibi tó ya yẹn sì lè jẹ́ etí tí à ń wá gan-an. Ẹ̀rọ òtútù yẹn tún nílò iná tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú, àti patọ́lọ́jì tó dúró dè é ní gbogbo àsìkò tí tíátà bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ti rí.

Ká tilẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n ṣírò nǹkan kan fún yín. Bí ẹran tí wọ́n gé bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, tí mo ní kí n gé gbogbo rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo sọ yẹn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, 15,000 ni yóò jẹ́. Kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn ní ìṣẹ́jú 30. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò orí tábìlì fi lè dín iye àwọn tó ń padà wá kù, ṣùgbọ́n tí kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má padà. Búlọ́ọ̀kù ìda ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, búlọ́ọ̀kù ìda kì í sì í yá.

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ mi lórí rẹ̀ jù kò nílò iná, kò nílò ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kókó tán, kí wọ́n tún bó ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri ihò tó kù nínú ọmú, yí ká, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán èyí wò pẹ̀lú obìnrin 235, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Nínú àwọn tí wọn kò bó ìpele náà fún, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ni etí wọn kò mọ́. Nínú àwọn tí wọ́n bó o fún, ó di ìdá 19. Àwọn tó padà sí tíátà já láti ìdá 21 sí ìdá 10. Ọ̀bẹ kan náà ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lé e. Bí dókítà yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ má ṣe lòdì sí i.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun wà lókè òkun. Ọ̀kan ń jẹ́ MarginProbe, wọ́n á fi orí rẹ̀ kan ẹran tí wọ́n gé, á fi ìgbì iná mọ ibi tí kò dára. Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òògùn kan tó ń jẹ́ Lumisight, tí wọ́n ń fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ibi tí jẹjẹrẹ bá kù sí nínú ihò náà lè máa tàn. Inú mi dùn sí wọn, mo sì ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ bàbá yín kí ẹ gbé yèyé lọ sí Íńdíà nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe é. Ohun tí yèyé nílò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n lè ṣe é níbí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yèyé, mi ò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìdí ìbẹ̀rù yẹn ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í dé ọsibítù títí kókó á fi di egbò, ọ̀bẹ á wá kàn án nígbà tó ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun, wọ́n á kú, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kò tú u ká. Obìnrin tí kò jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án náà ló máa ń tú ká lára rẹ̀. Àwa ará Èkìtì mọ ohun tí àìsàn yìí lè gbà lọ́wọ́ ẹni: oṣù kẹrin ọdún 2013 ló mú igbákejì gómìnà wa nígbà náà, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká, lọ nígbà tí wọn kò tíì pé ọdún 53.

Àwọn kan sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kúkú gé gbogbo ọmú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwádìí ńlá méjì ló dáhùn rẹ̀: ti dókítà oníṣẹ́ abẹ Umberto Veronesi ní Milan ní Ítálì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn méjèèjì kéde ní 2002 pé àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn kúrò kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa ní Èkìtì. Nínú ìwádìí ti Amẹ́ríkà, nínú àwọn tí wọ́n yọ kókó fún tí wọ́n sì gba ìtọ́jú onítànṣán, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún rí i nínú ọmú kan náà. Nínú àwọn tí kò gba ìtànṣán, ìdá 39 ni. Etí tó mọ́ kì í ṣe àyè fún yín láti sá fún ìtànṣán. Ọ̀pọ̀ aláìsàn láti ọ̀dọ̀ wa ló ń lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó fún un, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ ti máa wá ibi tí yèyé máa wọ̀ sí àti ẹni tó máa tẹ̀lé wọn báyìí. Bó bá dá yín lójú pé kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ṣáájú Ọjọ́bọ̀, láìtijú. Ó lè yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà sí gígé ọmú náà kúrò pátápátá, ìyẹn sì sàn ju kí wọ́n fi ọmú sílẹ̀ kí ìtọ́jú rẹ̀ já sí ààbọ̀.

Bí ẹ bá jókòó níwájú dókítà, mo fẹ́ kí ẹ béèrè bóyá ibi tó kan íǹkì jẹ́ ojú kékeré kan tàbí ó gbòòrò. Ojú kékeré kan lè máà gbà ju kí wọ́n bó ìpele kan ní ìhà ìsàlẹ̀. Bó bá gbòòrò, tàbí tó jẹ́ irú èyí tó ń rìn nínú ọ̀nà wàrà, ọ̀rọ̀ lè di ti gbogbo ọmú. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ àwọn kókó inú abíyá wò, kí a lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ béèrè nípa àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, àwọn àmì tí à ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, torí òun ló máa sọ irú òògùn tí yèyé máa lò lẹ́yìn èyí, àti bóyá kẹ́mò wà níbẹ̀. Kí ọkàn yín sì ti múra sílẹ̀ fún ohun kan tó sábà ń ṣẹlẹ̀: èsì kejì lè dé kó ní kò sí jẹjẹrẹ kankan nínú ẹran tí wọ́n tún gé. Àwọn kan máa ń bínú nígbà náà pé wọ́n gé yèyé lásán. Kì í ṣe lásán. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù ni búlọ́ọ̀kù. Ìda kékeré yẹn tó ní ẹran yèyé nínú kì í bàjẹ́, ó sì níye lórí ju ìwé èsì lọ. Bí yèyé bá dé Ìbàdàn, àwọn patọ́lọ́jì ibẹ̀ lè fẹ́ fi ojú ara wọn tún un wò, wọ́n sì lè ṣe àyẹ̀wò mìíràn lára rẹ̀ láìtún gé yèyé. Ìwé nìkan kò lè fún wọn ní ìyẹn. Lábù tó ṣe àyẹ̀wò náà ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé èsì yín.

Ẹ bá mi kí yèyé. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹ gbé wọn lọ ní òwúrọ̀, kí àbúrò bàbá yín náà tẹ̀ lé yín kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù yẹn sínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.